Bọ́ọ̀dù wing foil kékeré: bí ẹ ṣe máa mú èyí tó máa gbé yín délé

Wing foil ni eré omi tí èèyàn ti ń dúró lórí bọ́ọ̀dù, tó di wing, ìyẹ́ aláṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mú lọ́wọ́; abẹ́ bọ́ọ̀dù ni òpó kan tí wọ́n ń pè ní mast wà, foil, ìyẹ́ kékeré, wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ló ń gbé bọ́ọ̀dù kúrò lójú omi, ìyẹn la ń pè ní fífò. Lítà ni wọ́n fi ń wọn bí bọ́ọ̀dù ṣe tóbi tó. Ohun tí mo máa ń rí jù létí omi níbí, ní Poole Harbour, ní etíkun gúúsù England, ni pé èèyàn á fi bọ́ọ̀dù lítà 120 kọ́ wing foil, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò dáadáa, inú ẹ̀ á dùn, á wá lọ ra lítà 70 torí pé ẹni tó ń fò bíi lékeléke lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, lítà 70 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kó tó pé oṣù méjì, bọ́ọ̀dù yẹn á ti wà lórí Facebook Marketplace, "ẹ̀ẹ̀mẹrin péré la lò ó." Èmi náà ṣe é. Láti 125 ni mo bọ́ sí 75 lẹ́ẹ̀kan náà torí ẹni tó tà á fún mi ní mo ti tó o lò, odindi ìgbà ẹ̀rùn ni mo fi ń wọ omi tí mi ò ní fò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yìn ń ro mí, orúnkún ń ro mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Bọ́ọ̀dù tó bá ọjọ́ tó dáa jù mu la lọ ń rà, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ le geere tí ara wa sì yá gágá. Ọjọ́ tó yẹ kó yan bọ́ọ̀dù fún yín ni ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kú lójijì nígbà tí ẹ wà ní mítà 400 sí èbúté, tí ọwọ́ yín ti tutù, tó ti rẹ̀ yín. Ọjọ́ yẹn ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá ìwọ̀n méjì: èyí tí èèyàn ń gùn nílé, àti èyí tó ní ìkọ́, tí a fi ń wọn àpótí ká tó gbéra lọ sí Heathrow tàbí Gatwick, mo mọ̀ pé kò sí ilé Yorùbá tí kò sí nílùú yìí. Gbogbo aṣọ omi yín, ti òtútù àti ti ẹ̀rùn. Rúlà tí wọ́n ń fà, téèpù aláwọ̀ kan, bírò tí omi ò lè parẹ́. Irin tí ẹ fi ń dè mast mọ́ bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìdè M8 méjì tàbí mẹ́rin ní àpò, torí ìdè kan tó bá já sínú iyanrìn ti ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Fóònù nínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Bọ́ọ̀dù ńlá tí ẹ ní, ẹ má tíì tà á, màá sọ ìdí ẹ̀ níwájú.

1. Ẹ wọn ara yín nígbà tí ẹ bá ṣì rin gbingbin

Kílò tí dókítà kọ sínú káàdì kọ́ ni bọ́ọ̀dù máa gbé. Ẹ gbé ìwọ̀n ilé yẹn sínú mọ́tò, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí koríko, tí ẹ bá sì ti jáde nínú omi, kí ẹ tó bọ́ ohunkóhun, kí omi ṣì máa kán, ẹ gùn ún.

Láàárọ̀ nílé, láìwọ nǹkan kan, kílò 84 ni mí. Lóṣù Kejì, pẹ̀lú wetsuit 5/4 (aṣọ rọ́bà tó nípọn ní mílímítà 5 àti 4), bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, helmet, harness (ìgbànú tí a fi ń so wing mọ́ ara) àti impact vest (ẹ̀wù tó ń dáàbò bo àyà), tí gbogbo wọn ti mu omi yó, 91 ló gbé wá, mo rò pé ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́ ni, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. 91 náà ni. Nígbà ẹ̀rùn pẹ̀lú 3/2 lásán àti vest, 88.

Ẹnìkan á ní ṣebí wetsuit ń léfòó, báwo ló ṣe tún di ẹrù? Ó ń léfòó lóòótọ́, tí ara yín bá wà nínú omi. Tí ẹ bá ti kúnlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ara yín ti kúrò nínú omi nìyẹn, aṣọ yẹn àti gbogbo omi tó wà nínú ẹ̀, bọ́ọ̀dù ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù kan náà tó dùn mọ́ yín lóṣù Kẹjọ ṣe máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló ni ín lóṣù Kejì. Ẹni tó bá sì gbé tiẹ̀ lọ sílé fún Kérésìmesì máa rí òdìkejì ẹ̀, omi Èkó gbóná, kò sí wetsuit, bọ́ọ̀dù á kàn dédé tóbi sí i.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ ní nọ́ńbà méjì, ti òtútù àti ti ẹ̀rùn. Tí ti òtútù bá bá ti ilé dọ́gba, á jẹ́ pé aṣọ yín ti gbẹ kí ẹ tó gùn ún, ẹ tún un ṣe.

2. Ẹ dán ara yín wò lórí bọ́ọ̀dù tí ẹ ní lọ́wọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. "Mo ti ń fò dáadáa" kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín knot 14 sí 18 (knot la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó), kí ọjọ́ kan ó kéré tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọjọ́ tí ìgbì kéékèèké ń ta bọ́ọ̀dù síbí sọ́hùn-ún.

Dídìde: láti orí orúnkún títí ẹ fi máa fò, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, márùn-ún fún ọwọ́ ọ̀tún, márùn-ún fún òsì. Ẹ gbọ́dọ̀ rí mẹ́sàn-án mú nínú ẹ̀.

Ìpadàbọ̀: kí ẹ gbéra, kí ẹ wà lórí omi fún ìdajì wákàtí, kí ẹ padà síbi tí ẹ ti gbéra gan-an láìfẹsẹ̀ rìn létí omi. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ṣì ń gbé lọ síbi tó fẹ́, bọ́ọ̀dù kékeré ò ní gbà á.

Gybe, ìyẹn yíyí padà nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn fẹ́ yín: nínú mẹ́wàá, kí mẹ́fà parí láìjẹ́ pé bọ́ọ̀dù kan omi, kí mẹ́ta ó kéré tán nínú mẹ́fà yẹn jẹ́ ti ìhà tí kò dá yín lójú.

Fífọwọ́kan omi: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ kan omi nígbà tí ẹ ń fò, kí ẹ tún gbé e dìde láìṣubú. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni mo lè fi dán èèyàn wò nínú gbogbo wọn, òun ni màá mú. Lórí lítà 120, tí bọ́ọ̀dù bá kan omi ẹ lè dúró mí, kí ẹ gbọn wing, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lórí èyí tó kéré kò sí àyè ìmí, ó ti ń rì bó ṣe ń dúró.

Ìkẹyìn ni wíwa ara yín délé. Ẹ lọ síbi tí omi ò ti jìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí èbúté, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì wa omi fún mítà 200, kí wing máa wọ́ tẹ̀lé yín. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà yín. Tó bá rẹ̀ yín débi pé ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù ńlá, ẹ rántí pé ti kékeré á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí àyà yín á wà nínú omi.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ ka gbogbo èyí tí ẹ ṣubú mọ́ ọn. Mo mọ ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ kì í kà torí ara òun ò tíì gbóná. Ó kà. Ọjọ́ tí ìgbì bá ń lé yín bọ̀, ti àkọ́kọ́ nìkan ló wà.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ ní nọ́ńbà márùn-ún tí ẹ kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíì lè kà. Tí dídìde bá ṣì wà lábẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ dúró pẹ̀lú bọ́ọ̀dù yín fún oṣù kan sí i. Bọ́ọ̀dù kékeré ò wo dídìde sàn, ńṣe ló máa ń mú un le sí i.

3. Ẹ ṣírò lítà

Lítà kan bọ́ọ̀dù máa ń gbé bíi kílò 1.025 nínú omi òkun. Bọ́ọ̀dù lítà 95, ẹ fi 1.025 sọ ọ́ di púpọ̀, kílò 97 àti díẹ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀dù yẹn fúnra ẹ̀ wúwo, ká ní kílò 6, ó ku 91. Foil àti mast tó rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ náà wúwo, ká ní omi bá wa gbé díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ yọ 2 sí i, ó ku 89. Kílò 89 yìí ni lítà 95 lè gbé láìrì. Èmi tí mo jẹ́ 91 nígbà òtútù, omi á bo orí bọ́ọ̀dù mọ́ mi lẹ́sẹ̀ tí mo bá dúró lásán, ṣùgbọ́n tí wing bá ti wà lókè tó ń fà mí díẹ̀, ó ti gbé e nìyẹn. Nígbà ẹ̀rùn tí mo jẹ́ 88, ó kàn léfòó báyìí ni.

Ẹ wá wo 75 tí mo kọ́kọ́ rà. 75 lọ́nà 1.025, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 77. Ẹ yọ 8. Ó ku 69. Èmi 91. Kílò 22 ni mo fi ju agbára ẹ̀ lọ, ìyẹn àpótí Lọ́ndọ̀nù sí Èkó kan tó kún dé ẹnu, tí mo gbé gun orí bọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yẹn lórí tábìlì ilé ìdáná ni mo tó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mi ò mọ nǹkan kan ṣe.

Ní ṣókí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará wa nìyí, ẹ fi kílò òtútù yín, èyí tó rin, ṣe é:

Bọ́ọ̀dù ìkẹ́kọ̀ọ́: kílò yín, kí lítà 30 lé lórí ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀.
Bọ́ọ̀dù kejì: kílò yín, kí 5 sí 10 lé. Ó máa kàn gbé yín ni.
Bọ́ọ̀dù kẹta: kílò yín, kó dín 10 sí 15. Omi á máa dé orúnkún tí ẹ bá dúró.
Lẹ́yìn ìyẹn, kó dín 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀, èyí jẹ́ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n gbéra láti inú omi pátápátá, ẹni bẹ́ẹ̀ ò sì nílò ìtọ́sọ́nà mi.

Fún èmi, ìyẹn jẹ́ 121, lẹ́yìn náà 96 sí 101, lẹ́yìn náà 76 sí 81. Ẹ má sọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láti 120 sí bíi 97, láti 97 sí bíi 78.

Ẹ ṣọ́ra: ìbéèrè "lítà mélòó lẹ̀ ń lò?" ò wúlò tí ẹ ò bá bèèrè kílò tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tó jẹ́ kílò 62 tó bá rin, lítà 70 ló ń lò, gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí i pé bọ́ọ̀dù ẹ̀ kéré. Kò kéré fún un, ó fi 8 lé ara ẹ̀ ni. Èmi tí mo bá fẹ́ irú bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ẹ̀, 99 ni màá rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ìlú, tó jẹ́ omi adágún bíi Rutland Water lẹ ń lò, omi tí kò níyọ̀ ò gbéni tó omi òkun, lítà 95 yẹn á dín bíi kílò 2 àti ààbọ̀. Ẹ fi lítà 2 tàbí 3 kún un, kò jù bẹ́ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe ìṣirò yẹn lórí bọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ rà gan-an, pẹ̀lú kílò tiẹ̀. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù kejì yín ni, kí ohun tó lè gbé má fi ju kílò 5 dín sí kílò òtútù yín. Tó bá fi 15 dín, bọ́ọ̀dù kẹta lẹ dì mú yẹn, ẹ dá a padà síbẹ̀.

4. Gígùn àti fífẹ̀: lítà kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bọ́ọ̀dù méjì lè jẹ́ lítà 98, kí ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 2, kó fẹ̀ ní ínṣì 26, kí èkejì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 2, kó fẹ̀ ní 22. Tí wọ́n bá gbé wọn sínú omi, bí ọjọ́ àti òru ni.

Èyí tó kúrú tó fẹ̀ kì í yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ni wàhálà tiẹ̀ wà, tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn jù, imú á gbé sókè, ẹ̀yìn á rì, tí ẹ bá tẹ iwájú jù, imú á wọlé. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ omi, ó nílò afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i kó tó gbéra. Àmọ́ tó bá ti fò tán, ó yí kíákíá, kò sí gígùn níwájú tó ń fì.

Èyí tó gùn tó tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní mid-length, ńṣe ló ń yọ́ lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, òun ló máa kọ́kọ́ fò, knot 12 tí ẹlòmíì ń dúró létí omi, ẹni tó ni ín ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ń yí sí ọ̀tún sí òsì bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fi ìbàdí dì í mú á máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kúnlẹ̀ tán.

Èrò tèmi, tí ẹ lè má gbà: fún bọ́ọ̀dù kejì ní etíkun gúúsù níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀rùn ti jẹ́ afẹ́fẹ́ rọ̀ǹrọ̀n, ẹ mú mid-length, ṣùgbọ́n kí fífẹ̀ ẹ̀ má dín sí ínṣì 23 tí ẹ bá ju kílò 85 lọ. Tó bá jẹ́ ibi tí ìgbì ti ń ru lójoojúmọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń le lẹ̀ ń lò, ẹ mú èyí tó kúrú.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ra èyí tó tín-ín-rín, kẹ́ ẹ sì dín lítà kù, kẹ́ ẹ tún pààrọ̀ foil, lóṣù kan náà. Tí ẹ bá wá ń ṣubú, ẹ ò ní mọ èwo ló ń ti yín. Foil tó wà lọ́wọ́, ká ní 1,500 cm², ẹ fi í sábẹ́ bọ́ọ̀dù tuntun títí ara yín á fi mọ̀ ọ́n.

*Àyẹ̀wò:* ẹ lè sọ ní gbólóhùn kan ìdí tí ẹ fi mú gígùn yẹn, kí gbólóhùn náà sì dá lórí ibi tí ẹ ti ń lò ó.

5. Ẹ yá a wò kí ẹ tó sanwó

Bọ́ọ̀dù tuntun lè ju pọ́nùn 1,000 lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù etíkun ló ní èyí tí wọ́n ń yáni, ọ̀pọ̀ sì máa ń yọ owó ìyáni kúrò tí ẹ bá padà rà á, ẹ kàn bèèrè. Ẹ gbé foil tiyín lọ. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò dáa tó bó ṣe yẹ ni kẹ́ ẹ yá a, ẹ máa fẹ́ dúró de ọjọ́ knot 20, ẹ má dúró, ní knot 20 gbogbo bọ́ọ̀dù ló dáa.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ gbé ìwọ̀n àpótí yẹn dání. Ẹ fi okùn so bọ́ọ̀dù láàárín, ẹ gbé e kọ́ ìkọ́ ìwọ̀n, ẹ wò ó bóyá ó bá kílò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ mu. Tó bá fi kílò kan àti ààbọ̀ jù ú lọ, ẹ fura sí omi nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo àyíká ojú irin méjì tí mast ń jókòó sí, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ́tí. Ibi tó bá rọ̀ wọlé bíi búrẹ́dì, tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, foam abẹ́ ibẹ̀ ti kú. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ibẹ̀ tó ń dán gbinrin, àtàǹpàkò mi wọlé níwọ̀n owó kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà, mo wọ mọ́tò mi. Ẹ yọ ìdè kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lórí bọ́ọ̀dù wò, tí rọ́bà abẹ́ ẹ̀ bá ti ya, omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìdè yìí kan náà, ẹ tú u tí ẹ bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀dù wọ bàálù tàbí fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn, kẹ́ ẹ sì dè é kẹ́ ẹ tó wọ omi. Gbígbàgbé èyí ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ju àpáta lọ.

*Àyẹ̀wò:* lórí èyí tí ẹ yá, láàárín wákàtí kan, ẹ dìde ó kéré tán márùn-ún nínú mẹ́wàá. Márùn-ún ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá rí méjì péré, ó kéré jù fún yín báyìí, kì í ṣe títí láé.

6. Ẹ gbé mast sí àyè ẹ̀

Lórí bọ́ọ̀dù ńlá, ẹ lè ṣi mast gbé kó má sì hàn. Lórí kékeré, sẹ̀ǹtímítà kan ń sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ojú irin gan-an, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ẹ lẹ téèpù, ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Tí ẹ bá fò, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú lẹ̀ ń fi gbogbo agbára tẹ̀ kí imú má bàa sá lọ sókè, ẹ fà á sẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rọ́ ọ rọ́ ọ kó tó gbéra, ẹ tì í síwájú. Sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fò ó kó tó di pé ẹ tún tì í.

Iyanrìn máa ń wọ ojú irin yẹn. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dè é, kẹ́ ẹ dè é le, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí omi.

*Àyẹ̀wò:* ní ìrìn tó tẹ́jú, tí ẹ ò fi ẹsẹ̀ kankan tipá tẹ̀, bọ́ọ̀dù dúró ní gíga kan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú wà lórí rọ́bà nígbà yẹn.

7. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí omi

Ẹ mú wing tó fi mítà onígun mẹ́rin kan tóbi ju èyí tí ẹ bá mú fún bọ́ọ̀dù ńlá, tí 5 bá tó tẹ́lẹ̀, ẹ gbé 6. Ẹ wọ́ ẹsẹ̀ títí omi fi dé àyà, torí mast tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80 á kan ilẹ̀ nínú Poole Harbour kẹ́ ẹ tó mọ̀, ibẹ̀ ò jìn.

Bí dídìde ṣe ń lọ nìyí, ẹ kà á dáadáa torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Ẹ kúnlẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ yín máa dé, kì í ṣe ẹ̀yìn ibẹ̀. Bọ́ọ̀dù á rì díẹ̀, ẹ jẹ́ kó rì. Wing lókè orí, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbé ìwúwo yín, bí ẹni rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ẹ kọ imú bọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, kó sì tẹ̀ díẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹ gbọn wing lẹ́ẹ̀kan, méjì. Bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ omi, á wá yọjú, ẹ máa gbọ́ ìró omi tó ń ya kúrò lórí ẹ̀, ṣààà. Ìró yẹn ni kẹ́ ẹ dúró dè. Lẹ́yìn ìró yẹn, ẹsẹ̀ iwájú, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn.

Ẹ ṣọ́ra: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń ṣubú, wọ́n dìde kí bọ́ọ̀dù tó yọjú ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó ń rì, wọ́n sáré gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló wá rì í pátápátá. Ẹ dúró lórí orúnkún fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ju bí ara yín ṣe ń fẹ́ lọ.

Àti ti ààbò, ẹ má fojú fò ó. Lórí bọ́ọ̀dù tí kò lè gbé yín, tí afẹ́fẹ́ bá kú, ẹ ti di ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Fún ìdí èyí, ẹ má wọ omi lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kúrò ní èbúté lọ sójú òkun. Ẹ má jìn ju mítà 200 lọ ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn ibi tí ẹ ti wa ara yín dé nínú ìdánwò. Leash, okùn tó so wọ́n mọ́ ara yín, ti bọ́ọ̀dù àti ti wing, méjèèjì. Fóònù lára yín, kì í ṣe nínú mọ́tò: 999, ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gbani là lórí òkun, lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lóṣù Kejì omi Channel, òkun gúúsù England yìí, máa ń wà ní bíi dígírì 8 sí 9, ọwọ́ kì í pẹ́ kú nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ìgbà tí ẹ máa jáde, kẹ́ ẹ jáde nígbà yẹn.

*Àyẹ̀wò:* ọjọ́ kẹta, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní dídìde, kí èyí tí ẹ ń fò nínú wákàtí kan sì ju èyí tí ẹ ń ṣubú lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sórí bọ́ọ̀dù ńlá fún ọjọ́ méjì, ẹ máa fi í ṣe dídìde pẹ̀lú ìró omi yẹn létí, kẹ́ ẹ tó tún gbé kékeré.

8. Bọ́ọ̀dù ńlá, ìgbà wo lẹ lè tà á?

Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ lẹ fẹ́ fi san ti tuntun. Tí agbára bá wà, ẹ jẹ́ kí òtútù kan kọjá lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá ju knot 12 lọ, òun náà ló máa mú yín jáde, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá sì fẹ́ gbìyànjú, orí ẹ̀ ló máa ti kọ́ ọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí téèpù abẹ́ ẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, 98 tí mo padà rà jáde lọ́jọ́ 31, 125 jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ, mẹ́fà nínú mẹ́jọ yẹn kí ó tó di ọdún tuntun. Nígbà tí oṣù Kẹta parí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mo fọ iyanrìn kúrò nínú ojú irin ẹ̀, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo tà á fún ọmọ Ìbàdàn kan tó jẹ́ kílò 90 tó bá rin. Ó gùn ún wò lórí ìwọ̀n mi kó tó sanwó.